Àlejò Tó Jẹ Ahọ́n Èpìyà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ohùn yín kò tíì dé etí omi. Àwọn ọmọdé nìkan ló dáhùn, àwọn àgbà ń jẹ obì. Mo tún un pè: Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó fo orí Ìjàpá kọjá, ó fo orí Ajá kọjá, ó bọ́ sínú ọ̀sà, ó ró jàbú. Ẹ fi Ìjàpá sílẹ̀ kó sinmi lónìí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ti kó lé e lórí ti pọ̀ jù. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ojúkòkòrò rẹ̀ kò ní òdiwọ̀n.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹja ṣì ń sọ̀rọ̀ bí èmi àti ẹ̀yin, Èpìyà kan ń gbé nínú ọ̀sà, nítòsí ibi tí òkun ti ń ti omi iyọ̀ wọlé. Ẹja jẹ́jẹ́ ni. Ó mọ ilé tọ́jú, ó mọ àgbà kí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: kò ní ọmọ kan tó dàgbà. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á gbẹ́ kòtò sínú iyanrìn, á yé ẹyin sí i. Lọ́dọọdún, Àrọ̀ onírùngbọ̀n á dé, á fi ẹnu gbá gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀. Kì í tilẹ̀ kí ẹni tó bá nílé.

Ọdún kìíní rí bẹ́ẹ̀. Ọdún kejì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọdún kẹta, Èpìyà lọ bá Ìyá Akàn. Àgbà ni Ìyá Akàn, inú ihò lábẹ́ gbòǹgbò igi etí omi ló ń gbé. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Apẹja ló já èkejì.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀. Ọwọ́ ńkọ́?"

"Ọwọ́ ń sàn, ọmọ mi. Kí ló gbé ọ dé?"

"Ìyá, lọ́dún yìí, n kò ní fi ẹyin mi sílẹ̀ mọ́. Inú ẹnu mi ni mo máa kó wọn sí títí wọ́n á fi lè dá wẹ̀."

Ìyá Akàn rẹ́rìn-ín. "Inú ẹnu? Kí lo máa wá fi jẹun?"

"Ebi kò lè pa mí kú, Ìyá. Ìbànújẹ́ ló fẹ́ pa mí."

Ìyá Akàn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀ kan náà, ó fi kan Èpìyà níwájú orí. "Á rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ á gba ọmọ."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yìí, ẹnìkan gbọ́ ọ.

Ẹ mọ eégbọn ara ajá, àbí? Ẹ̀dá kan bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀sà. Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ló ní, èékánná sì wà lẹ́nu ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ìwọ̀ apẹja. Lẹ̀mọ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ òkun ni. Lẹ̀mọ́ kì í ṣọdẹ, kì í he nǹkan nílẹ̀. Ara ẹni ẹlẹ́ni ni oko rẹ̀. Ó ti so mọ́ Àrọ̀ rí, ara Àrọ̀ yọ̀, ó jábọ́. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, orí gbòǹgbò igi ló wà, ebi ń han án léèmọ̀. Ó gbọ́ "inú ẹnu." Ó gbọ́ "ẹyin."

"Háà!" ni Lẹ̀mọ́ wí. "Ẹyin tí wọ́n máa kó wá bá mi lórí ibùsùn! Kí ni mo tún ń ṣe lórí gbòǹgbò?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ọ̀sà fún yín kí n tó máa lọ, nítorí òun ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ró. Lọ́dọ̀ tiwa, omi tútù la fi ń gba àlejò. Nínú ọ̀sà, ta ló máa bu omi fún ẹni tó wà nínú omi? Oorun ni wọ́n fi ń gba àlejò níbẹ̀. Ẹni tó sun oorun kan lọ́dọ̀ rẹ, àlejò ni. Ẹni tó sun oorun méjì, àlejò ni. Ẹni tó bá sun oorun mẹ́ta, ó ti di ọmọ ilé. Wọn kì í sì í lé ọmọ ilé. Ẹni tó bá lé e, gbogbo omi á gbọ́, òun náà kò ní rí ibi tí wọ́n á ti gbà á sílé mọ́ títí ayé.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Lẹ̀mọ́ tú èékánná rẹ̀, ó jẹ́ kí omi gbé òun kọjá níwájú Èpìyà. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀.

"Màmá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìgbì ló gbé mi, n kò mọ̀nà ilé mọ́. Ẹ ṣàánú mi. Oorun kan péré. Etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín tó mi í sùn."

Èpìyà wò ó. Ó kéré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ta ló máa lé irú èyí padà nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú?

"Wọlé, ọmọ mi."

Oorun kan. Ilẹ̀ mọ́, Lẹ̀mọ́ ní inú ń run òun. Oorun méjì. Ilẹ̀ mọ́, ó ní ẹsẹ̀ òun méje ń dun òun, àti pé méje yòókù ń bá wọn kẹ́dùn. Oorun mẹ́ta. Ilẹ̀ mọ́, Lẹ̀mọ́ jí, ó na ara, ó ní:

"Màmá, ẹ kú ilé wa o."

Ilé wa! Ṣé ẹ gbọ́?

"Màmá, n kò fẹ́ máa jókòó lásán. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kó ọmọ sẹ́nu. Ṣé ilé ọmọ kò ní ní olùṣọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sínú ẹnu yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Bí Àrọ̀ bá yọjú, màá gún un nímú."

Èpìyà rántí Àrọ̀. Ó rántí ọdún méjì tó fi sunkún. Ó la ẹnu, ó ní kí olùṣọ́ wọlé.

Lọ́jọ́ kìíní, Èpìyà jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Ó ní bóyá òtútù ló mú òun. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnu rẹ̀ ń ta á. Lọ́jọ́ keje, ó fẹ́ sọ pé, "Lẹ̀mọ́, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ó la ẹnu, ahọ́n kò sí. Lẹ̀mọ́ ti fa ẹ̀jẹ̀ ahọ́n títí ahọ́n fi rọ bí ewé, ó já, omi gbé e lọ. Lẹ̀mọ́ wá fi èékánná mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá kọ́ kùkùté ahọ́n tó kù, ó jókòó lé e. Òun ló di ahọ́n.

Ayọ̀kúnmi ń wò mí tìyanu-tìyanu. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ahọ́n tó ní ojú méjì, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá.

Láti ọjọ́ náà, bí Èpìyà bá gbé oúnjẹ sẹ́nu, Lẹ̀mọ́ ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Bí Èpìyà bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Lẹ̀mọ́ ni yóò sọ ọ́, ohun tó bá sì wu Lẹ̀mọ́ ni yóò sọ. Bí àwọn aládùúgbò bá bi Èpìyà pé, "O mà rù o, kí ló ṣe ọ́?" inú Èpìyà á máa kígbe pé, "Ẹ gbà mí!" Ohun tí wọ́n á gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Kò sí nǹkan. Mo ń gbádùn."

"Màmá," ni Lẹ̀mọ́ máa ń wí bí ó bá ku àwọn méjèèjì, "ẹ má dára yín láàmú. Ẹ jẹ́ ká jọ máa retí òjò."

Èpìyà mọ ohun tó ń retí. Òjò ni ẹyin. Ẹyin ni oúnjẹ Lẹ̀mọ́.

Ẹ̀yin àgbà ti ń mi orí. Ẹ ti rántí òwe: eégbọn so mọ́ ayìnrín lẹ́nu, adìẹ ń sáré àtijẹ ẹ́, adìẹ kò mọ̀ pé oúnjẹ ayìnrín ni òun náà. Ẹni tó ń jẹ ara ẹlòmíì, ó máa ń rò pé ọ̀dọ̀ òun ni oúnjẹ parí sí.

Lọ́jọ́ kan, bí Lẹ̀mọ́ ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ó gbọ́ ohùn kan lẹ́bàá àyà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó o."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àbúrò yín." Aràn kan báyìí ni, kò nípọn ju òwú lọ. "Òkìkí yín ló gbé mi wá. Wọ́n ní ẹ jẹ ahọ́n, ẹ di ahọ́n. Ẹ̀gbọ́n, orí yín pé!"

Lẹ̀mọ́ wú. "Kí lo fẹ́?"

"Oorun kan péré, nínú ikùn yín."

Lẹ̀mọ́ rẹ́rìn-ín títí ẹnu Èpìyà fi ń mì. "O rò pé ọ̀dọ̀ Èpìyà lo wà? Ọ̀nà tí èmi gbà wọlé lo fẹ́ gbà bá mi wọlé? Kúrò níbí!"

"Mo ń lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan. Báwo ni ẹyin tí Èpìyà máa yé ṣe máa pọ̀ tó?"

"Bí iyanrìn."

"Mélòó ni ikùn yín lè gbà?"

Lẹ̀mọ́ wo ikùn rẹ̀.

"Mẹ́wàá," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. "Bóyá méjìlá. Ẹ máa yó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa yó, ìyókù á pa, wọ́n á di ẹja, wọ́n á wẹ̀ kọjá níwájú yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa wò wọ́n. Ikùn tí èmi bá wà kì í yó. Ẹ máa jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ máa lá iyanrìn tó wà nídìí rẹ̀."

Lẹ̀mọ́ rí wọn lójú ọkàn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ lọ. Ó dùn ún bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

"Oorun méjì," ló wí. "Kò gbọdọ̀ di mẹ́ta."

"Méjì náà ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ ni ilé."

Tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé. Òótọ́ ló sọ: Lẹ̀mọ́ jẹ, kò yó, ó tún jẹ, kò yó. Ó ń gbádùn ọ̀fun rẹ̀. Ó ń jẹ lọ́sàn-án, ó ń jẹ lálẹ́. Níbi tó ti ń jẹ, ó gbàgbé ọjọ́. Nígbà tí yóò jí, ohùn kan ti inú ikùn rẹ̀ wá:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé wa o."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Lẹ̀mọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí Tẹ́ẹ́rẹ́ kò sọ fún un ni pé ikùn tí òun bá wà kì í yó nítorí pé òun gan-an ló ń jẹ oúnjẹ náà. Bí oúnjẹ bá tán, á jẹ ẹran inú ẹsẹ̀ onílé. Ikùn Lẹ̀mọ́ ń wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ.

"Tẹ́ẹ́rẹ́, rọra jẹun, o ti ń pa mí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bi mi kọ́." Tẹ́ẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́."

Lẹ̀mọ́ dẹtí. Láti inú ikùn Tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn kan tó kéré ju ti ẹ̀fọn lọ ní, "Ẹ kú ilé wa o!"

"Ta tún nìyẹn?"

"Bíńtín ni. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ohun tí ojú ń rí. Ó wá bá mi lọ́jọ́sí. Ó ní oorun kan péré ni."

Báyìí ni wọ́n jókòó: Bíńtín nínú Tẹ́ẹ́rẹ́, Tẹ́ẹ́rẹ́ nínú Lẹ̀mọ́, Lẹ̀mọ́ nínú ẹnu Èpìyà. Gbogbo wọn ń jẹun, Èpìyà nìkan ló ń wá a.

Òjò wá rọ̀.

Èpìyà kò lè dá ẹyin dúró. Ó gbẹ́ kòtò, ó yé wọn, wọ́n pọ̀, wọ́n ń dán. Ó dúró lórí wọn, ó pa ẹnu dé pinpin.

"Màmá, ẹ ya ẹnu," ni Lẹ̀mọ́ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé. Òtútù á mú wọn."

Èpìyà kò ya ẹnu.

"Màmá, ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Ó wẹ̀yìn. Irùngbọ̀n Àrọ̀ ń mì nínú koríko omi. Àrọ̀ kò kánjú. Ó mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa yóò sùn láìpẹ́.

Ẹ wo ìyà. Bó bá fi ẹyin sílẹ̀, Àrọ̀ á gbá a. Bó bá kó o sẹ́nu, Lẹ̀mọ́ á jẹ ẹ́. Èpìyà ń fi lẹbẹ́ fẹ́ omi sára ẹyin rẹ̀.

Nígbà náà ni Ìyá Akàn dé láti wá kí i.

"Èpìyà, ọmọ mi, o kú ewu o! Ṣé àlàáfíà ni?"

Èpìyà kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ láti sọ pé, "Ìyá, ẹ gbà mí." Ohùn tó jáde ni:

"Àlàáfíà ni. Ẹ máa lọ."

Ìyá Akàn yí padà, ó fẹ́ máa lọ. Ó rìn díẹ̀. Ó dúró.

Láti ọjọ́ tí apẹja ti já ọwọ́ Ìyá Akàn, kò sí ọjọ́ kan tí Èpìyà kí i tí kò béèrè ọwọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n: ìkíni wa kì í ṣe ẹyọ kan. A ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, a ó béèrè ibi tó ń dunni. Lẹ̀mọ́ lè sín ohùn jẹ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò béèrè ibi tó ń dun ẹnikẹ́ni rí. Kò mọ̀ pé wọ́n ń béèrè rẹ̀.

Ìyá Akàn tún padà wá. Ó fẹ̀gbẹ́ rìn bí ìṣe akàn, ó gba ẹ̀yìn Èpìyà yọ. Lẹ̀mọ́ wà lẹ́nu, kò rí ìrù. Ìyá Akàn na ọwọ́, ó fi kan ìrù Èpìyà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó dúró.

Ìrù Èpìyà gbá iyanrìn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ yé Ìyá Akàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gba abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Èpìyà yọjú wo inú. Ẹ̀yìn ahọ́n ló rí. Ahọ́n náà ń bá ikùn ara rẹ̀ jà: "Ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn! Oúnjẹ ń bọ̀!"

"Lẹ̀mọ́," ni Ìyá Akàn pè é. "Mo ti rí ọ."

Ahọ́n yí ojú padà. Kò tilẹ̀ tijú. "Ìyá arúgbó, ẹ rí mi. Ẹ wá lé mi nígbà náà. Oorun mélòó ni mo sùn? Ẹ lé ọmọ ilé, kí gbogbo ọ̀sà gbọ́."

"Ta ló fẹ́ lé ọ? Wọn kì í lé ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n òfin ní ìrù, ìwọ orí rẹ̀ nìkan lo gbọ́. Bí onílé bá fẹ́ rìnrìn àjò, kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ àlejò." Ìyá Akàn yíjú sí Èpìyà. "Ọmọ mi, máa lọ sí ẹnu odò. Òjò ti rọ̀ lókè, omi tuntun ń bọ̀, omi tí kò ní iyọ̀ rárá. Ìwọ lè mí nínú rẹ̀. Ọmọ òkun kan kò lè mí nínú rẹ̀."

Lẹ̀mọ́ tún fi èékánná kọ́ kùkùté ahọ́n gírígírí.

"Ọjọ́ kan ni àlọ, ọjọ́ kan ni àbọ̀," ni Ìyá Akàn wí. "Màá sùn lórí ẹyin rẹ. Oorun méjì ni mo lè sùn. Bó bá di ẹ̀kẹta, ọwọ́ kan yìí kò ní lè dá Àrọ̀ dúró. Ṣé o gbọ́?"

Ìrù gbá iyanrìn. Èpìyà wo ẹyin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ.

Ẹ bá mi gbe orin. Èmi á dá a, ẹ̀yin á ní, "Ìrù, gbé mi débẹ̀."

Èpìyà ń lọ sẹ́nu odò,
— Ìrù, gbé mi débẹ̀.
Kò láhọ́n tí yóò fi kọrin,
— Ìrù, gbé mi débẹ̀.
Àlejò wúwo lẹ́nu,
— Ìrù, gbé mi débẹ̀.
Ẹyin ń bẹ nílẹ̀, Àrọ̀ ń bẹ níta,
— Ìrù, gbé mi débẹ̀.

Ebi ti jẹ agbára Èpìyà. Bó bá wẹ̀ díẹ̀, á sinmi. Bó bá sinmi, á rántí irùngbọ̀n Àrọ̀, á tún wẹ̀. Lẹ̀mọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá, ẹ ò ní dé ibì kankan. Ẹ ti rù jù. Ẹ jẹ́ ká padà, ká lọ jẹun."

Nígbà yẹn, omi ṣì ní iyọ̀. Bí Lẹ̀mọ́ bá jábọ́ nígbà yẹn, á yè. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin ńkọ́? "Bí mo bá jábọ́," ló ń rò, "iṣẹ́ mi ti di asán. Á padà. Ìyá ọmọ ni, á padà dandan."

Lójú ọ̀nà, wọ́n pàdé àwọn ìbátan Èpìyà, ọ̀wọ́ ńlá. Lẹ̀mọ́ rí àyè. Ó fi ohùn Èpìyà ké: "Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará ilé! Orí mi ti dàrú, mo ti fi ẹyin mi sílẹ̀! Ẹ dá mi padà sílé!"

Àwọn ẹbí yí i ká kíákíá. "Àǹtí, ọ̀nà ilé kọ́ nìyí o. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú yín lọ." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn kan ń ti imú rẹ̀ padà, àwọn kan ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èpìyà jà, kò lè jà. Ó fẹ́ ṣàlàyé, kò ní ohun tí yóò fi ṣàlàyé. Oòrùn ti ń wọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Èpìyà kọjú sí wọn, ó la ẹnu gbàgà.

Wọ́n rí ojú méjì. Wọ́n rí ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá. Ojú náà ṣẹ́ sí wọn.

"Yéè!" Ọ̀wọ́ náà tú ká bí iyanrìn tí wọ́n da sómi. Èpìyà tún mú ọ̀nà pọ̀n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi yí padà. Ó pọ́n, ó tutù, ó ń ru ewé igbó. Lẹ̀mọ́ tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ kúrò nínú eré.

"Màmá? Màmá, ibo là ń lọ? Màmá, ẹ dúró!"

Ó tú èékánná rẹ̀ láti fò jáde. Àwọn ẹsẹ̀ gbígbẹ náà kò gbé e. Ó fi àyà wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ikùn rẹ̀ há sáàárín ètè Èpìyà, ó pọ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ.

"Tẹ́ẹ́rẹ́! Jáde, kí ikùn mi lè fọn!"

"Ẹ̀gbọ́n, oorun mélòó ni mo sùn?"

"Omi yìí á pa gbogbo wa!"

"Ẹ jẹ́ kí n bá Bíńtín sọ̀rọ̀. Bíńtín, jáde!"

"Wọn kì í lé ọmọ ilé," ni Bíńtín wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Màmá!" Lẹ̀mọ́ ti ń sunkún. "Màmá mi, mo búra. Ẹ padà. Bí a bá ti délé, màá jábọ́ fúnra mi, n kò ní fọwọ́ kan ẹyin kan. Ẹ jẹ́ kí n kàn sinmi lọ́dọ̀ yín kí n tó lọ. Oorun kan péré."

Èpìyà ti fẹ́ dúró. Àánú rẹ̀ ti fẹ́ ṣe é, nítorí bí ó ti rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ "oorun kan péré." Ó fi ìrù lu omi, ó kọjá sínú odò.

Lẹ̀mọ́ tún fi èékánná kọ́ ètè Èpìyà. Ọ̀kan tú. Èkejì tú. Lẹ̀mọ́ há mọ́ ètè rẹ̀ títí agbára omi tuntun fi tì í jáde, ó bọ́ lẹ́nu Èpìyà, ó ń rì lọ sísàlẹ̀, sínú ẹrẹ̀ pupa. 

Nínú ikùn rẹ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní jẹun lónìí?"

Ilé dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Tẹ́ẹ́rẹ́," ni Bíńtín wí, "kí ló dé tí ilé wa tutù báyìí?"

"Dákẹ́. Sùn."

"Oorun mélòó ló kù?"



Èpìyà kò dúró wò wọ́n. Ó ti yí padà. Omi ìṣàn ń tì í láti ẹ̀yìn báyìí, ó ń wẹ̀, ó ń sáré. Oorun kejì ti fẹ́ parí nígbà tó dé ilé. Iyanrìn ti rú. Ó rí fọ́nrán irùngbọ̀n Àrọ̀ tí wọ́n já sílẹ̀. Ó rí Ìyá Akàn nínú kòtò, ó nà gbalaja, ìkarahun rẹ̀ ti sán, ọwọ́ kan ṣoṣo náà ṣì na sókè. Ìdajì ẹyin ti lọ. Ìdajì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni Ìyá Akàn bi í, ojú rẹ̀ ti ṣú. "Bó bá jẹ́ Àrọ̀, máa bọ̀, ọwọ́ kan ṣì kù!"

Èpìyà kò lè sọ pé, "Èmi ni." Ó sún mọ́ ọn. Ó fi ètè rẹ̀ kan kùkùté ọwọ́ tí apẹja já, ó rọra kàn án, ó dúró níbẹ̀.

Ìyá Akàn bú sẹ́kún. "Ọwọ́ ń sàn, ọmọ mi," ló wí. "Ọwọ́ ń sàn. Wá kó àwọn ọmọ rẹ."

Èpìyà la ẹnu, ó kó wọn wọlé. Ibi tí ahọ́n wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, ó fẹ̀, ó rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn sí. Nígbà tó yá, wọ́n pa, wọ́n dàgbà, wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ kí Ìyá Akàn. Ìrù ni wọ́n fi kí i, nítorí ìyá wọn kò ní ahọ́n tí yóò fi kọ́ wọn lọ́rọ̀. Láti ìgbà náà ni ẹja kò ti sọ̀rọ̀ mọ́, láti ìgbà náà sì ni èpìyà ti ń kó ọmọ sẹ́nu.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ń jẹ onílé rẹ̀ tán, kó yẹ inú ara rẹ̀ wò, ẹlòmíì lè ti máa kí i ní "ẹ kú ilé wa" níbẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ ahọ́n onílé, ta ni yóò sọ fún un nígbà tí odò bá dé? Ìdí àlọ́ mi tún rèé, ẹ̀yin ọmọdé: bí ẹ bá kí èèyàn, ẹ béèrè ibi tó ń dùn ún. Wọ́n lè tibẹ̀ dá yín mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹnu yín kò bá lè sọ̀rọ̀.

Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ahọ́n mi jẹ́rìí sí i. Mo ti fọwọ́ kàn án, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan tiyín wò kí ẹ tó lọ sùn.